Sí Àbẹ̀kẹ́, Nípa Àdúrà Tí Kò Gbóná Mọ́

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ àbúrò mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á títí mo fi mọ ibi tí ó ti ń dùn ọ́. Inú mi dùn pé ìwé ni o kọ, tí o kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí, ó yẹ kí ènìyàn rò ó dáadáa kó tó sọ ọ́.

O ní nígbà tí o wà ní LAUTECH, bí ẹ bá ti dá orin ní fẹ́lóṣíìpù, omi á máa bọ́ lójú rẹ, èdè àjèjì á máa jáde lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti ń ṣe tíṣà, o lè kúnlẹ̀ títí kí eékún máa ro ọ́, kó má sí nǹkan kan tí o mọ̀ lára. O ti ṣe àìsùn, o ti gun orí òkè, o ti pààrọ̀ ìjọ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí o dé gbẹ̀yìn, wòlíì kan ní ọwọ́ àgbà obìnrin kan nínú ilé bàbá rẹ ló wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. O wá ń bi mí bóyá Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àbí ìwọ lo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà láàárín lẹ́tà rẹ tí o sọ kọjá bí ẹni pé kò tó nǹkan. O ní nígbà ìdánwò WAEC, wọ́n ní kí o wọ yàrá kan, kí o lọ kọ ìdáhùn sójú pátákó fún àwọn ọmọ, pé àwọn òbí ti dáwó. O ní o kọ̀. O ní láti ìgbà náà ni wọn kò ti fún ọ ní lẹ́sìnnì mọ́, owó tí o fi ń san ilé sì ti dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn, o tún padà sórí ẹkún pé àdúrà rẹ tutù. Àbẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni mo ti gbé ìwé náà sílẹ̀, tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ.

Ta ni o rò pé ó fún ọ lágbára láti kọ̀? Nígbà tí omi ń bọ́ lójú rẹ ní fẹ́lóṣíìpù, kò sí ẹni tó fi owó ilé dán ọ wò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló ń ṣe ohun kan náà, orin ń gbé yín, ẹ̀ ń gbé ara yín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdánwò yẹn, ìwọ nìkan lo dúró. Orin kò sí, ìlù kò sí, ara rẹ kò gbóná, ọ̀gá rẹ sì ń wò ọ́ lójú. O ṣe ohun tó tọ́, o sì padà sílé láìmọ̀ pé o ṣe nǹkan. Ìgbàgbọ́ tí o ń wá kiri lórí òkè, ó wà pẹ̀lú rẹ ní kíláàsì.

Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé wàrà ni òun fi ń bọ́ wọn, torí wọn kò tíì lè jẹ oúnjẹ líle. Ẹni tó kọ̀wé sí àwọn Hébérù náà mú ọ̀rọ̀ wàrà yẹn, ó sì fi kún un: ó ṣàlàyé ẹni tí àgbà jẹ́ nínú ìgbàgbọ́. Ó ní ẹni tó ti lo ọkàn rẹ̀ títí tó fi lè ya rere sọ́tọ̀ kúrò lára búburú ni. Lọ kà á ní orí karùn-ún, wò ó bóyá wàá rí igbe níbẹ̀, tàbí ìran, tàbí ara gbígbóná. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú á sunkún, á rò pé ìyá òun kò fẹ́ràn òun mọ́, bẹ́ẹ̀ iyán ni ìyá rẹ̀ ń gún lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé.

Má ṣe rò pé mò ń kẹ́gàn ẹkún, tàbí èdè àjèjì, tàbí àìsùn. Iná ìsọjí tó sọ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún 1930, iná tòótọ́ ni. Ó yí ọ̀pọ̀ ilé padà ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé tiwa náà sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí Ọlọ́run lò níbẹ̀, kò fi ìyókù ayé rẹ̀ jókòó sí Òkè-Ooyè kó máa yá iná ọjọ́ yẹn. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń wàásù, ó ń kọ́ àwọn ìjọ ró, títí tó fi kú ní Ẹdẹ ní 1959. Iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn, o sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú rẹ̀ á jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ àti ìpàdé àwọn alàgbà.

Jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún ọ, ẹni tó sún mọ́ wa níhìn-ín gan-an. O mọ Yunifásítì Àjàyí Crowther tó wà ní Ọ̀yọ́. Kó tó di yunifásítì ní 2005, ilẹ̀ St. Andrew's College ni, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS kó wá sí Ọ̀yọ́ ní 1896 láti máa kọ́ àwọn tíṣà àti olùkọ́ni ìjọ. Ní ọdún tí wọ́n dé, ẹni tó ń ṣe àlùfáà CMS ní ìlú yìí ni Samuel Johnson. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wa ń dá bí a bá fẹ́ sọ ìtàn Yorùbá, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ọkùnrin náà kọ́ ni a máa ń sọ, mo sì rò pé ó yẹ ká sọ ọ́.

Sàró ni wọ́n ti bí i, ní Hastings, ní 1846. Àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí Ìbàdàn ní 1857. Ó di tíṣà bí ìwọ náà, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ni ìjọ. Nígbà tí ogun Kírìjì ti wà nílẹ̀ láti 1877, tí Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ dojú kọ ara wọn, òun wà lára àwọn tí wọ́n ń rán bí oníṣẹ́ àlàáfíà. Láti 1881 ló ti ń gbé ìwé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní lọ sọ́dọ̀ gómìnà ní Èkó, tó ń wọ ibùdó ogun kan bọ́ sí òmíràn, tó ń bẹ ìjòyè, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò túká nínú ibùdó títí di 1893. Rò ó wò, àwọn ènìyàn ti fọwọ́ sí àlàáfíà tán, àlàáfíà fúnra rẹ̀ sì fi ọdún méje pamọ́. Láàárín àsìkò yẹn ni Johnson wá di olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́.

Níhìn-ín ló ti kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin àti àwọn àgbà tó mọ ìtàn, ó kọ ọ́ lọ́wọ́, kò sí ẹ̀rọ kankan, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899 wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ nù. Wọ́n kò rí i mọ́ rárá. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà Johnson, lọ bèèrè, owó gbà-má-bínú ni wọ́n fẹ́ san. Àlùfáà Johnson kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901, kò rí ìwé rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ wá kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ òkun tó ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì kó Appam lójú òkun, wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún méjì ni kò fi sí ẹni tó gbúròó ìwé náà kó tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ọbadáyà náà ti kú ní 1920. Àwọn méjèèjì tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹnì kankan nínú wọn kò fi ọwọ́ kan ìwé náà ní títẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ Johnson pé kò banú jẹ́. Ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́: bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan lónìí, kí ni wọ́n máa sọ fún un níbi tí o lọ yẹn? Wọ́n á ní ẹ̀mí ìdènà ń bá a jà. Wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kó mú irúgbìn wá. Wọ́n á sì rí ìyá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí tí wọ́n máa dì í rù. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà wà nínú ìfẹ́ Ọlọ́run. Àwọn ìyá ṣì ń gbé ọmọ wá fún un kó ṣe ìrìbọmi fún wọn, àwọn aláìsàn ṣì ń retí rẹ̀, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ikú fi dé. Ohun tí Ọlọ́run fi lé e lọ́wọ́ ni ó ń ṣe. Èso rẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ èmi àti ìwọ.

Mo ti ń sún mọ́ ibi tí mò ń lọ. Ìyá arúgbó.

Wòlíì yẹn kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ ti dárúkọ nínú ọkàn rẹ. Mo mọ̀, torí ìyá rẹ sọ fún mi pé o kò dé ọ̀dọ̀ àgbà obìnrin ilé bàbá rẹ ní Òkèlérìn láti bí oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ibi tí o ń gbé kò jìnnà sí i. Ìyá Òkèlérìn kì í ṣe ẹbí mi, àna wa ni, n kò ní ìdí kankan láti gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ṣojú mi nígbà tí bàbá rẹ kò rí owó fọ́ọ̀mù JAMB rẹ. Láfún ni obìnrin yẹn ń tà. Òun ló mú owó náà wá, tó dì í sí igun ìró, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ. Ẹni tó na owó láfún rẹ̀ kí o lè wọ yunifásítì ni o wá gbà pé ó ń dí ọ lọ́nà?

Ọmọ mi, ibí yìí ni ẹ̀rù rẹ ti bà mí. Àdúrà rẹ tó tutù kò bà mí lẹ́rù rárá. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé o fi tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn gba ẹ̀sùn tí kò ní ẹlẹ́rìí. Lẹ́tà Jòhánù kìíní kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́: ẹni tí kò bá fẹ́ràn ará rẹ̀ tó ń rí, báwo ló ṣe fẹ́ fẹ́ràn Ọlọ́run tí kò rí? Mo ti ń gbọ́ ìran láti kékeré, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo máa ń wo ibi tí ìran bá já sí. Èyí tó bá mú ọ ronú pìwà dà, tó mú ọ lọ san gbèsè, tó mú ọ lọ bẹ ẹni tí o ṣẹ̀, tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Èyí tó bá jẹ́ pé kìkì ẹ̀rù àti ọ̀tá ló ń kó wá bá ọ, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ lórí rẹ̀, jọ̀wọ́, dìde kúrò níbẹ̀. Owó oṣù tí o gbé kalẹ̀ bí irúgbìn ti lọ. Má yáwó láti fi kún un.

O ní o kò fẹ́ padà sí ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà torí ó tutù, torí ìfilọ̀ ń pọ̀ jù, torí àwọn arúgbó ló kún ibẹ̀. Ogbómọ̀ṣọ́ lo wà, o kò sì mọ ìtàn ilẹ̀ tí o ń tẹ̀. Míṣọ́nnárì Bowen dé Ogbómọ̀ṣọ́ ní 1855 láti dá iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn ti lé e padà sílé ní ọdún kejì. Ogun Ìjàyè dé ní 1860, ó tú iṣẹ́ náà ká. Láti 1869 títí di 1875, kò sí míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kankan láti Amẹ́ríkà tó kù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó, opó kan tó ń jẹ́ Sarah Harden ló mú àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù dání. Àwọn tó ń pàdé nígbà yẹn kò ní pásítọ̀, kò sí ẹni tó ń yá wọn lórí, wọ́n sì wà láàárín àwọn tó ń wò wọ́n bí ẹni tó gba wèrè mẹ́sìn. Nígbà tí sẹ́mínárì fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1898, tí Dókítà George Green fi máa dé ní 1907 láti máa wo aláìsàn, orí ìdúró àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ìyá rẹ bí ọ ní ọsibítù tó ti inú iṣẹ́ yẹn jáde. Àwọn arúgbó tí o ń sá fún, ọmọ àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n.

Èmi náà mọ ohun tí ìjọ tó tutù lè ṣe. Nígbà tí ọkọ mi kú, n kò lè gbàdúrà. Bí mo bá la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀. Mo kàn ń lọ jókòó ní àyè mi ni, àwọn yòókù ń kọrin, èmi ń gbọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bá mi ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n tó lọ wọ́n á gbàdúrà, èmi á ṣe àmín. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, àmín yẹn nìkan ni àdúrà mi. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ìjọ ní gbogbo ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá gbẹ, ta ni yóò mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi bá a gbàdúrà lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ̀ bá dí? Padà síbẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n fún ọ ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Tíṣà ni ọ́, wọ́n nílò rẹ.

Ní ti àdúrà, má fi ipá fa omi sójú. Yan àkókò kan tí o lè pa mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, bó ti wù kó kéré mọ, kí o sì jókòó síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú ohun tí o bá ní lọ́jọ́ náà. Bí ẹnu rẹ bá wúwo, ka Sáàmù 88. Ìráhùn ni láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ìdùnnú kankan ní ìparí rẹ̀, síbẹ̀ àwọn àgbà fi í sínú Ìwé Mímọ́, wọn kò sì yọ ọ́. Ẹni tó ń ráhùn sí Ọlọ́run kò tíì kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Kí o sì dẹ́kun mímú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni mú òkò. Ka odindi ìwé. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Róòmù, ní èdè Yorùbá. Róòmù ni Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1850, kí odindi Bíbélì wa tó parí ní 1884. Wọ́n kó ọmọ yẹn lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ilẹ̀ tiwa níbí náà ni, ó sì yẹ kó ní ọ̀tá láti máa ṣépè fún bí ẹnikẹ́ni bá ní. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ààfin Ìlọrin ní 1872, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn, Bíbélì Yorùbá ló ṣí fún wọn, ó kà á, kò bá wọn jà. Mo sọ èyí nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Àlhájì, tó ní o dá ẹran Iléyá òun padà lọ́dún yìí. Lọ kí i. Kò sí ohun tí ìkíni yóò mú kúrò lára ìgbàgbọ́ rẹ.

Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ, mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà sọ̀rọ̀. Ó mọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń wá olùkọ́. N kò lè ṣèlérí. Bí kò bá bọ́ sí i, a ó jọ wá owó ilé náà, èmi àti ìyá rẹ ti fẹnu kò lórí ìyẹn. Má ṣe kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ẹnikẹ́ni.

Lọ sí Òkèlérìn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Má sọ ọ̀rọ̀ wòlíì fún Ìyá, kò yẹ kí etí rẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó; kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kí o bẹ̀ ẹ́ pé ó pẹ́ tí o ti wá, kí o sì fọ abọ́ àti àgbá omi rẹ̀ kí o tó kúrò. Eékún ọ̀tún ló ń dùn ún. Mo fi ìpara rán Dáúdà, onímọ́tò tó ń ná Owódé sí Tákìè. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ kí o mú un dání lọ. Alẹ́ ni kó máa fi í pa á, lẹ́yìn omi gbígbóná. Kọ̀wé sọ fún mi bó bá dín ìrora náà kù, kí n lè ra òmíràn.

Èmi ni,
Màmá rẹ l'Ọ́yọ̀ọ́.